Fídíò Ìtùnú fún Ẹni tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti inú Àṣà Ìbánikẹ́dùn Yorùbá ní Ọjà Máìlì 12

1. Ìfáàrà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni bí a ṣe lè ṣe fídíò fún ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títu àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Ẹgbẹ́ náà kò sí lóde ayé. Àfinúrò ni, irú èyí tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ fíìmù máa ń gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́ láti fi dán ọgbọ́n wọn wò. Ṣùgbọ́n ibi tí a fi ẹgbẹ́ náà sí kì í ṣe àfinúrò rárá. Ọjà Máìlì 12 ni, ní àgbègbè Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń já tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu tí wọ́n kó wá láti òkè ọya. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọjà náà ti ń gbóná. Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí a kò bá rí tà lónìí lè di ohun à-dà-nù ní ọ̀túnla.

Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, òfò àti ọ̀fọ̀ a máa rìn pọ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ṣì kún ìsọ̀ rẹ̀ ti pàdánù ọkọ, ó sì fẹ́ẹ́ pàdánù owó tí yóò fi tọ́ àwọn ọmọ tí ọkọ fi sílẹ̀. Bí ó bá jókòó sílé ṣọ̀fọ̀, ọjà rẹ̀ yóò bàjẹ́. Bí ó bá sì tètè padà sí ìsọ̀, àwọn kan lè máa wí pé kò fẹ́ràn olóògbé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìtùnú gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ fídíò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí ó bá sì lè ṣe é, báwo ni kí ó ti rí? Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé fídíò ìtùnú kò gbọdọ̀ fi ìwà jọ fídíò ìsìnkú tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Ìbẹ̀wò ìbánikẹ́dùn ni kí ó fi ìwà jọ.

2. Òkú Àgbà Yàtọ̀ sí Ọ̀fọ̀

Yorùbá kì í fi ojú kan náà wo gbogbo ikú. Bí àgbàlagbà tí ó bímọ, tí ó sì rí ọmọ-ọmọ, bá papòdà, ìsìnkú rẹ̀ a máa di ìnáwó. Àwọn ọmọ a ra aṣọ ẹbí, ìlù a dún, oúnjẹ a pọ̀, àwọn tí ó wá kí wọn yóò sì wí pé, ‘Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn wọn á dára.’ Ẹkún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdùnnú bo ẹkún náà mọ́lẹ̀, nítorí pé ọmọ ni ó sin òbí.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni ó kú, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń pe èyí. Wọn kì í lu ìlù sí i, wọn kì í sì í pe àpèjẹ nítorí rẹ̀. Wọn a tètè gbé òkú náà sin. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, òbí kì í bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, wọn a sì máa fi ojú oórì náà pa mọ́ fún un. Ìkíni pàápàá a yàtọ̀: ‘Ẹ kú ìrọ́jú’, ‘Ẹ kú àmúmọ́ra’, ‘Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù’, ‘Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún rí irú rẹ̀.’

Àwọn ìkíni wọ̀nyí yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Lọ́nà kìíní, gbogbo wọn ni ó kúrú. Lọ́nà kejì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ léèrè bí ikú náà ṣe ṣẹlẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ń wá àlàyé fún ikú. Lọ́nà kẹta, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ, ‘ẹ kú’ tí ó bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú wọn náà ni a fi ń kí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. A ń sọ pé ‘Ẹ kú iṣẹ́’. A ń sọ pé ‘Ẹ kú ọjà’. A sì ń sọ pé ‘Ẹ kú ìrọ́jú.’ Ìyẹn ni pé ojú ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ńlá kan ni èdè Yorùbá fi ń wo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kò pè é ní aláìsàn, kò sì pè é ní aláìlera. Iṣẹ́ ìrọ́jú ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó sì kí i jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà.

Ìgbà ọ̀fọ̀ náà ní òdiwọ̀n. Opó a máa ṣe opó fún ogójì ọjọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Fún opó tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Àlùkùránì là kalẹ̀ nínú súrà kejì, ẹsẹ 234, àfi bí ó bá lóyún. Àwọn Mùsùlùmí tún máa ń pé jọ ní ọjọ́ kẹjọ fún àdúrà fídáù. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ni ilé ọ̀fọ̀ máa ń kún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oníkálukú a padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Òwe tí ó sọ pé, ‘Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan,’ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jẹun nílé olówó ni wọ́n pa á fún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ opó ni ó ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ilé tiwọn.

3. Àwòrán àti Ọ̀fọ̀ kí Fídíò Tó Dé

Kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá láti fi àwòrán tu ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni yóò fi èyí hàn.

Èkíní ni ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a lọ bá babaláwo, bí ó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, wọn a ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère kékeré kan. Ìyá ni ó ni ìtọ́jú ère náà. Yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa fi osùn pa á, yóò máa wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò sì máa fún un ní oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún ìbejì. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ère náà kì í ṣe ohun à-wò-sunkún. Iṣẹ́ ni ó gbé lé ìyá lọ́wọ́. Ọwọ́ tí ó ti mọ́ láti máa tọ́jú ọmọ méjì kò ṣófo lójijì.

Èkejì ni àkó ti ìlú Ọ̀wọ̀. Ère tí ó jọ olóògbé ni, tí wọ́n wọ aṣọ olóògbé náà fún, tí wọ́n sì ń gbé yí ìlú ká nígbà ìsìnkú ẹ̀ẹ̀kejì fún ẹni ńlá. Rowland Abíọ́dún ṣe àlàyé iṣẹ́ àkó nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 1976. Gbogbo ìlú ni ó ń wo àkó. Ọlá olóògbé àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbé yọ.

Ẹ̀kẹta ni fọ́tò. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, ayafọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán náà ní ẹ̀ẹ̀méjì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tí ó kù a wọ aṣọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì wọ aṣọ ti ìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Láti inú àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ọ̀nà méjì ni àwòrán ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ikú. Ọ̀nà kan ni ti àkó: ó ń kọjú sí àwọn ará ìlú, ó sì ń sọ ẹni tí olóògbé jẹ́. Ọ̀nà kejì ni ti ère ìbejì àti fọ́tò rẹ̀: ó ń kọjú sí ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti máa bá ayé lọ.

4. Fídíò Ìsìnkú àti Ààlà Rẹ̀

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1976, Ọlá Balógun gbé fíìmù *Àjàní Ògún* jáde ní èdè Yorùbá. Nígbà tí téèpù fídíò wá wọ àwọn ilé, tí *Living in Bondage*, tí wọ́n ṣe ní èdè Ìgbò, sì ṣí ọjà ńlá sílẹ̀ fún eré orí téèpù ní ọdún 1992, kámẹ́rà fídíò ti di ohun tí a ń bá pàdé níbi ìsìnkú. Lónìí, ìnáwó òkú àgbà ní Èkó kò pé bí ayàwòrán kò bá sí níbẹ̀.

Fídíò ìsìnkú ní ìlànà tí gbogbo ayàwòrán mọ̀. Ó ń fi pósí hàn, ó ń fi aṣọ ẹbí hàn, ó ń fi olórin hàn àti àwọn tí ń ná owó lé e lórí. Ó ń dé ọ̀dọ̀ àlejò pàtàkì kọ̀ọ̀kan kí ó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé wọn kò ka òun kún. Ó gùn, nítorí pé ẹ̀rí ni. Ọmọ àkó ni fídíò yìí. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe dára, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó pẹ̀gàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ wà náà ni ààlà rẹ̀ wà. Kò ní èdè fún ọ̀fọ̀. Kò sí ìnáwó níbi ikú ọ̀dọ́, nítorí náà kò sí ohun tí kámẹ́rà yóò tò léra wọn. Bí a bá gbé ìlànà yìí lọ bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, tí a fi kámẹ́rà súnmọ́ ojú rẹ̀ kí omijé lè hàn, tí a fi orin arò sí i lẹ́yìn, àwòrán náà lè wọ ará òde lọ́kàn. Ìyá náà fúnra rẹ̀ yóò ti di ohun ìran. Ní ọjà tí oníbàárà, olùgbéjà-fúnni-láwìn àti àwọn aládùúgbò ti mọ ara wọn dáadáa, ojú rẹ̀ tí ó fara hàn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù lè tẹ̀lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíràn tí ó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò rí i, yóò sì pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ òun. Fídíò tí a ṣe láti fi pe ènìyàn ti lé e sá nìyẹn.

5. Ohun tí Àwọn Ẹgbẹ́ Ìtùnú ti Rí

Àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1959, Margaret Torrie dá Cruse sílẹ̀ ní Richmond, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn opó. Láti inú ìtàn opó Sáréfátì nínú Bíbélì, ẹni tí òróró inú kólòbó rẹ̀ kò gbẹ, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Coventry fún àwọn òbí tí ọmọ wọn kú; The Compassionate Friends ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ àlùfáà ilé ìwòsàn kan, Simon Stephens, ni ó ṣàkíyèsí pé àwọn òbí méjì tí ọmọ wọn kú ní ilé ìwòsàn kan náà ń ran àwọn òbí méjì mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́, wọ́n sì ń rí ìtùnú gbà lọ́dọ̀ ara wọn ju bí òun alára ti lè tù wọ́n nínú lọ. Yorùbá ti sọ ohun tí ó jọ èyí tipẹ́: ‘Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.’ Ẹni tí ó bá wá bá ni kẹ́dùn gbé ẹkún tirẹ̀ náà dání.

Àwọn onímọ̀ náà ti yí èrò wọn padà díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1969, Elisabeth Kübler-Ross kọ̀wé lórí ipele márùn-ún: àìgbàgbọ́, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìgbà-fún-Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n fẹ́ẹ́ kú ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé náà; ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wá ń lò ó fún àwọn tí ó kù lẹ́yìn, bí ẹni pé àtẹ̀gùn ni ọ̀fọ̀, tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1999, Margaret Stroebe àti Henk Schut gbé èrò mìíràn kalẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀ láàárín nǹkan méjì: ó ń kọjú sí àdánù rẹ̀, ó sì ń kọjú sí ayé tí ó gbọ́dọ̀ tún ṣe. Lílọ-bíbọ̀ náà gan-an ni ó ń gbé e ró. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní pẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, nítorí òwe wa sọ pé, ‘Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.’ Obìnrin tí ń ka owó fún oníbàárà ní Máìlì 12, tí ó yíjú padà nu omijé, tí ó sì tún kọjú sí ọjà, kò hùwà àìtọ́ sí olóògbé. Iṣẹ́ méjèèjì tí ọ̀fọ̀ gbé lé e lọ́wọ́ ni ó ń ṣe.

Síbẹ̀, ọ̀fọ̀ mìíràn wà tí ó kọjá agbára ẹgbẹ́. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022 ka ọ̀fọ̀ tí ó gbóná janjan kọjá oṣù mẹ́fà, tí ó kọjá ohun tí àṣà ẹni náà gbà, tí ó sì dí i lọ́wọ́ ìgbé ayé rẹ̀, mọ́ ohun tí ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò oníṣègùn, irú àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Kò sì yẹ kí èyí ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò láàárín ẹbí. Láti ọdún 1954 ni Adéoyè Lámbò ti fi hàn ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, pé a lè tọ́jú aláìsàn ọkàn nígbà tí ó ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí ẹbí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

6. Ìgbékalẹ̀ Fídíò Náà

6.1 Ìgbà àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀: Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ilé kún, fídíò kò sì wúlò níbẹ̀. Ẹ̀yìn ogójì ọjọ́ ni ìgbà tirẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ti dá. Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó máa bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ó jókòó ti fóònù rẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ọjà dé. Nítorí náà kò gbọdọ̀ gùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, kí ó sì fúyẹ́ tó láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìjẹ owó púpọ̀.

6.2 Ìwà kámẹ́rà: Kí kámẹ́rà máa ṣe bí àlejò rere ti ń ṣe nílé ọ̀fọ̀. Àlejò rere a jókòó, kì í dúró lé ènìyàn lórí. Nítorí náà kí kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n gíga ẹni tí ó jókòó. Àlejò rere kì í tẹjú mọ́ ẹni tí ń sunkún. Nítorí náà kí kámẹ́rà má súnmọ́ omijé. Àlejò rere lè dákẹ́. Nítorí náà kí ayàwòrán má bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́, kí ó má sì fi orin dí gbogbo àlàfo. Àlejò rere a tètè dìde.

6.3 Ohun tí yóò hàn: Kí àwòrán bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí wọ́n ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Ìsọ̀ kan wà ní bíbò láàárín àwọn tí wọ́n ti ṣí. Ẹni tí ó ni ín dé, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátì, ó ń yọ èyí tí ó ti rọ̀ sọ́tọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí a máa wò, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé ọwọ́ ni ère ìbejì gbé iṣẹ́ fún. Ọwọ́ náà dúró. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ gbé àpótí wá, ó jókòó tì í, ó wí pé, ‘Ẹ kú ìrọ́jú,’ ó sì ń bá a ṣa ọjà. Ní ìparí nìkan ni ohùn kan yóò sọ ibi tí ẹgbẹ́ ń pàdé, ọjọ́ tí wọ́n ń pàdé, àti pé kò pọn dandan kí ẹni tí ó bá wá sọ̀rọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, kí ohùn náà sọ pé bí oṣù ti ń gorí oṣù, tí oúnjẹ kò lọ, tí oorun kò wá, tí ó sì ń ṣe ènìyàn bíi kí òun náà kú, kí ó tọ oníṣègùn lọ.

6.4 Ọ̀rọ̀ ẹnu: Ó yẹ kí a yẹra fún ‘Má sunkún mọ́’ àti fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ ṣàlàyé ikú. Ìṣòro kan tún wà tí akọ̀wé eré gbọ́dọ̀ ronú lé. Orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá láàárín wa. Bí ọmọ tí a fi ń pe ìyá bá kú, ẹnu a máa kọ́ àwọn ará ọjà: ṣé kí wọ́n máa pè é bí wọ́n ti ń pè é ni, tàbí kí wọ́n yí i padà? Ìyá kan lè fẹ́ kí orúkọ náà má parẹ́. Ó lè jẹ́ pé etí ìyá mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà, kí fídíò fi aládùúgbò hàn tí ó rọra bi í pé, ‘Orúkọ wo ni ẹ fẹ́ kí á máa fi pè yín?’ Ìbéèrè kan yìí lè kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ohun tí ìwàásù gígùn kò lè kọ́ wọn.

Èdè náà ṣe pàtàkì. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń tajà ní Máìlì 12. Hausa wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń pàdé nínú èdè Píjìn. Kí a má kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí èdè yòókù. Hausa tí ń bá ni kẹ́dùn ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún olóògbé. Ìgbò ń wí pé, ‘Ndo.’ Kí ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀nà tirẹ̀ sọ ọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Máìlì 12 láàárín àwọn kan nínú Yorùbá àti Hausa, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Akínwùmí Aḿbọ̀dé sì ní kí wọ́n ti ọjà náà pa. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, fídíò tí ó bá fi ẹkún ẹ̀yà kan ṣoṣo hàn yóò dà bí ẹni pé ó ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan.

6.5 Ìró: Ariwo ọkọ̀, ẹ̀rọ amúnáwá àti àwọn tí ń polówó kì í dá ní ọjà yìí. Kò yẹ kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí pé inú ariwo náà ni ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ń gbé. Kí a gba ohùn ọjà sílẹ̀ lọ́tọ̀. Kí a sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìdájí tàbí nínú ilé, kí gbohùngbohùn súnmọ́ ẹnu olùsọ̀rọ̀. Kí a tún kọ ọ̀rọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tí kò lè gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n kí a má gbé gbogbo ìtumọ̀ lé ìkọ̀wé lórí, nítorí àwọn tí kò kàwé.

6.6 Àṣírí àti òtítọ́: Kí òṣèré ni yóò kó ipa ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Bí ẹnikẹ́ni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nítòótọ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ tó, kí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà kí ẹlòmíràn tó wò ó, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n yọ òun kúrò. Opó Mùsùlùmí tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ kò tíì pé, kí ẹnikẹ́ni má pè é jáde nítorí fídíò.

Èyí tí ó kù ni ó le jù. Ẹgbẹ́ náà kò sí. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kúrò nínú kíláàsì. Ẹnìkan a fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan, títí yóò fi dé orí fóònù ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ní tòótọ́. Ìyẹn yóò rí ibi ìpàdé, yóò rí nọ́ńbà, yóò sì pè é. Bí nọ́ńbà náà kò bá wọlé, ẹni tí ó ti kó ìgboyà jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti béèrè ìrànwọ́ lè má tún béèrè mọ́. Nítorí náà, kí fídíò náà kọ ọ́ sí ara rẹ̀ gbangba, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, kí ohùn sì sọ ọ́ jáde, pé ìdánrawò ni. Kí ó má fi nọ́ńbà èké hàn. Ibi kan ṣoṣo tí ó bá dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ibi ìrànwọ́, kí ó jẹ́ ibi tí ó wà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí.

7. Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé àwòrán kì í ṣe ohun tuntun nínú ọ̀fọ̀ Yorùbá, àti pé ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣiṣẹ́. Fídíò ìsìnkú ti mú ọ̀nà àkó, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ọ̀nà ère ìbejì, èyí tí ó ń kọjú sí ẹnìkan tí ó sì ń gbé iṣẹ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ṣì ń dúró de àwọn aṣefídíò. Ìlànà rẹ̀ kò jìnnà: ó wà nínú bí a ti ń jókòó nílé ọ̀fọ̀, nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a ń sọ, àti nínú ‘ẹ kú’ tí a fi ń kí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe irú fídíò bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó nílé ọ̀fọ̀ kan láìgbé kámẹ́rà dání.